Ìlàsáwẹ́ Àmì Prótọ́ọ̀nù nínú Ẹ̀kọ́ NMR: Àbá fún Olùkọ́ Èdè Yorùbá ní Hillbrow

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí dá lórí bí olùkọ́ ṣe lè fi èdè Yorùbá ṣàlàyé ìdí tí àmì prótọ́ọ̀nù fi máa ń là sí ọ̀pọ̀ ṣóńṣó nínú àtẹ NMR. Akẹ́kọ̀ọ́ tí iṣẹ́ náà ní lọ́kàn ni ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Hillbrow, ní ìlú Johannesburg, tó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́ kẹ́mísìrì. Iṣẹ́ náà dábàá ọ̀rọ̀-ìperí ‘ìlàsáwẹ́’, ó sì fi hàn pé ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ bá yàn lè la akẹ́kọ̀ọ́ lójú, ó sì lè ṣì í lọ́nà.

Ìfáàrà

Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé èdè Yorùbá dára fún ìtàn, oríkì àti òwe, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti kan átọ́ọ̀mù, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló kù. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá tako èrò yìí. Ní ọdún 1970 ni ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀, èyí tí Babs Fáfúnwá jẹ́ aṣáájú rẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ní 1984 àti 1990, apá méjì ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá jáde. Ayọ̀ Bámgbóṣé ni olóòtú apá kìíní, Ọládélé Awóbùlúyì sì ni ti apá kejì. Ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni ìwé náà dá lé. Iṣẹ́ ṣì pọ̀ nílẹ̀ lórí kẹ́mísìrì.

Ìṣòro yìí le sí i ní Hillbrow. Láti àwọn ọdún 1990 ni ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà, tí Yorùbá wà lára wọn, ti ń fi àdúgbò náà ṣe ibùgbé. Òfin ìpìlẹ̀ South Africa ti ọdún 1996 ka èdè mọ́kànlá sí èdè ìjọba. Ní 2023, èdè àwọn adití di ìkejìlá. Yorùbá kò sí lára wọn. Ọmọ tó bá lọ sí Yunifásítì Witwatersrand ní Braamfontein, tí kò jìnnà sí Hillbrow, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi kọ́ NMR. Bí ẹnikẹ́ni yóò bá fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ fún un, òbí tàbí olùkọ́ inú àdúgbò ni. Bí irú àlàyé bẹ́ẹ̀ kò bá sí, Yorùbá yóò di èdè ìkíni àti èdè oúnjẹ lásán lẹ́nu ọmọ náà, kò ní jẹ́ èdè tó fi ń ronú mọ́.

Ìpìlẹ̀ Ẹ̀kọ́: Ìgbì àti Òòfà

Kí olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Òpó gíga Hillbrow, tí wọ́n parí kíkọ́ rẹ̀ ní 1971, ga tó mítà 269. Wọ́n kọ́ ọ kí ìgbì rédíò lè gbé ọ̀rọ̀ tẹlifóònù kọjá lókè àwọn ilé gíga ìlú náà. Ojú kò rí ìgbì, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí a bá yí sí ibi tó bá ìgbì mu yóò gbà á.

Prótọ́ọ̀nù, èyí tí í ṣe kóró inú átọ́ọ̀mù háídírójìn, ní irú ìwà yìí. Ó dà bí òòfà kékeré. Bí ó bá wà nínú òòfà ńlá, ipò méjì péré ni ó lè wà: kí ó kọjú síbi tí òòfà ńlá kọjú sí, tàbí kí ó kẹ̀yìn síbẹ̀. Ìgbì rédíò tó bá a mu lè gbé e láti ipò kan sí èkejì. Nínú òòfà tí agbára rẹ̀ jẹ́ tesla 2.35, ìgbì MHz 100 ló bá prótọ́ọ̀nù mu; àárín ibi tí àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò FM ń lò ni èyí bọ́ sí.

Felix Bloch àti Edward Purcell gba ẹ̀bùn Nobel ní 1952 nítorí iṣẹ́ wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1951, Arnold, Dharmatti àti Packard fi hàn pé àmì mẹ́ta ni ẹtánọ́ọ̀lù, ìyẹn ògidì inú ọtí, ń fúnni. Ìdí ni pé àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó yí prótọ́ọ̀nù ká dà bí agboòrùn: wọ́n ń ṣíji bò ó lọ́wọ́ òòfà ńlá, ìṣíji náà kò sì dọ́gba níbi gbogbo. Nígbà tí ẹ̀rọ sunwọ̀n sí i, ohun tó dà bí àmì ẹyọ kan wá hàn gẹ́gẹ́ bí àkójọ ṣóńṣó. Èyí ni kókó ẹ̀kọ́ yìí.

Yíyan Ọ̀rọ̀-Ìperí

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló tètè ń wá sọ́kàn: pín, fọ́ àti là. ‘Pín’ lè mú kí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé prótọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan gba ìpín tirẹ̀, pé ṣóńṣó mẹ́ta túmọ̀ sí prótọ́ọ̀nù mẹ́ta. Àṣìṣe tó burú jù nínú ẹ̀kọ́ yìí nìyẹn. ‘Fọ́’ ní ìtumọ̀ ìbàjẹ́ nínú. ‘Là’ ló yẹ jù. Bí obì bá là, awẹ́ rẹ̀ yóò yọ, síbẹ̀ obì kan náà ni; obì aláwẹ́ mẹ́rin kò di obì mẹ́rin. Bákan náà, bí àmì ṣe wù kí ó là tó, àpapọ̀ ìwọ̀n rẹ̀ kò yí padà, òun ló sì ń sọ iye prótọ́ọ̀nù tó ni àmì náà.

Nítorí náà, a lè pe ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ní ìlàsáwẹ́, kí a sì pe àwọn àmì náà ní aláwẹ́ kan, aláwẹ́ méjì, aláwẹ́ mẹ́ta àti aláwẹ́ mẹ́rin. Ọmọ tó mọ̀ pé awẹ́ méjì ni gbànja ní, tí àbàtà sì máa ń ní jù bẹ́ẹ̀ lọ, ti ní ibi tí yóò gbé ọ̀rọ̀ náà kọ́.

Ìdí tí Àmì fi ń Là

Aládùúgbò ló fà á. Prótọ́ọ̀nù tó wà lára kábọ́ọ̀nù kan ń mọ ipò àwọn prótọ́ọ̀nù tó wà lára kábọ́ọ̀nù kejì tó so mọ́ ọn. Bí aládùúgbò bá kọjú síbi tí òòfà ńlá kọjú sí, ó fi díẹ̀ kún agbára tó kan prótọ́ọ̀nù yìí. Bí ó bá kẹ̀yìn, ó yọ díẹ̀ kúrò.

Owó ẹyọ rand ni kí olùkọ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Kí ó má ṣe lo awẹ́ obì níhìn-ín, kí akẹ́kọ̀ọ́ má baà rò pé awẹ́ ni aládùúgbò. Owó kọ̀ọ̀kan dúró fún aládùúgbò kan. Ó lè fi ojú lélẹ̀ tàbí ẹ̀yìn. Owó kan ní ọ̀nà méjì: àmì yóò là sí awẹ́ méjì tó dọ́gba, 1:1. Owó méjì ní ọ̀nà mẹ́rin: ojú méjì lẹ́ẹ̀kan, ojú kan àti ẹ̀yìn kan lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀yìn méjì lẹ́ẹ̀kan. Awẹ́ mẹ́ta nìyẹn, 1:2:1. Owó mẹ́ta ní ọ̀nà mẹ́jọ, ó sì fúnni ní awẹ́ mẹ́rin, 1:3:3:1. Òfin rẹ̀ ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ ka aládùúgbò, kí ó sì fi ẹyọ kan kún un.

Ohun mẹ́ta ni kí olùkọ́ tẹnu mọ́. Èkíní, aládùúgbò ni à ń kà, a kì í ka onílé fúnra rẹ̀. Àwọn prótọ́ọ̀nù tí ipò wọn dọ́gba kì í la ara wọn lójú àtẹ. Èkejì, àlàfo àárín awẹ́ kò yí padà bí òòfà bá lágbára sí i, nígbà tí àlàfo àárín àmì kan àti òmíràn ń fẹ̀ sí i ní ìwọ̀n Hz. Ẹ̀kẹta, òfin yìí ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tí àlàfo àárín àwọn àmì bá fẹ̀ ju ti awẹ́ lọ gidigidi, tí ipa gbogbo aládùúgbò sì dọ́gba.

Àpẹẹrẹ: Ọtí àti Májèlé

Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, àwọn ènìyàn ń kú lójijì ní Òde-Ìrèlè, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Oríṣiríṣi àhesọ ló gbòde kí àwọn elétò ìlera tó tọ́ka sí mẹtánọ́ọ̀lù inú ọtí ìbílẹ̀. Mẹtánọ́ọ̀lù jọ ẹtánọ́ọ̀lù lójú, òórùn wọn sì súnmọ́ra, ṣùgbọ́n ó ń fọ́ni lójú, ó sì ń pani.

NMR kì í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo láti dá wọn mọ̀, ṣùgbọ́n ìlàsáwẹ́ fi ìyàtọ̀ wọn hàn kedere. Ẹtánọ́ọ̀lù ni CH3CH2OH. CH3 rẹ̀ ní aládùúgbò méjì, ó là sí awẹ́ mẹ́ta nítòsí ppm 1.2. CH2 rẹ̀ ní aládùúgbò mẹ́ta, ó là sí awẹ́ mẹ́rin nítòsí ppm 3.7. Àlàfo awẹ́ méjèèjì jẹ́ nǹkan bíi Hz 7, nítorí bí ẹni kìíní ṣe ń la ẹnì kejì náà ni ẹnì kejì ń la ẹni kìíní. Prótọ́ọ̀nù ara OH sábà máa ń jẹ́ aláwẹ́ kan, nítorí pé bí omi tàbí ásíìdì díẹ̀ bá wà níbẹ̀, ó ń tara mólékù kan bọ́ sí òmíràn kíákíá, aládùúgbò kò sì ráyè mọ̀ ọ́n. Mẹtánọ́ọ̀lù ni CH3OH. Kábọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ló ní. CH3 rẹ̀ kò ní aládùúgbò lára kábọ́ọ̀nù mìíràn, nítorí náà ó dúró bí aláwẹ́ kan nítòsí ppm 3.4.

Iṣẹ́ Ṣíṣe

1. Àwọn ohun méjì kan ní C3H8O. Ọ̀kan ni CH3CH(OH)CH3. Awẹ́ mélòó ni àmì CH3 rẹ̀ yóò ní? Mélòó ni ti CH àárín? (Ìdáhùn: méjì, méje.)
2. Ìkejì ni CH3CH2CH2OH. Awẹ́ mélòó ni CH3 rẹ̀ yóò ní? Báwo ni èyí ṣe fi í hàn yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́? (Ìdáhùn: mẹ́ta, CH3 ti àkọ́kọ́ ní awẹ́ méjì péré.)
3. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi Yorùbá ṣàlàyé fún òbí rẹ̀ ìdí tí awẹ́ mẹ́ta kò fi túmọ̀ sí prótọ́ọ̀nù mẹ́ta.

Ìgúnlẹ̀

Ìbéèrè kẹta ni òdiwọ̀n ẹ̀kọ́ yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ lè há òfin sórí ní Gẹ̀ẹ́sì kó sì yege ìdánwò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lè jókòó ti ìyá rẹ̀ nínú yàrá kan ní Hillbrow, tó da owó rand mẹ́ta sílẹ̀, tó sì ṣàlàyé bí 1:3:3:1 ṣe jáde, ẹni náà ti mọ kẹ́mísìrì, èdè rẹ̀ sì ti bá a dé ibi ẹ̀kọ́ tó wà. Kí àwọn olùkọ́ mú ọ̀rọ̀ ‘ìlàsáwẹ́’ lọ sí kíláàsì, kí wọ́n dán an wò, kí wọ́n sì tún un ṣe níbi tó bá ti kù.