Òkè ni ìyá odò: bí a ó ṣe dáàbò bo ìsun omi wa

Kí ẹ tó kà síwájú, ẹ dáhùn ìbéèrè yìí: odò kékeré tí ẹ ń pọn, níbo ni omi rẹ̀ ti ń wá?

Ọ̀pọ̀ yóò sọ pé: «Inú ilẹ̀ ló ti ń wá.» Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ló gbé e dé inú ilẹ̀? Òjò tó rọ̀ sórí òkè ni. Àwọn àgbà ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Àwa tí ń mu omi odò náà kò gbọ́dọ̀ gbàgbé orísun.

1. Òkè àti odò

Ní Ṣábẹ àti ní Ìdáàṣà, òkè àpáta yí wa ká. Ní ayé ogun, ibẹ̀ ni àwọn baba wa sá sí, òkè sì gbà wọ́n là. Lónìí, òkè kan náà ló ń fún wa ní omi.

Ní ilẹ̀ Ṣábẹ, odò Ouémé wà ní ìwọ̀-oòrùn, odò Ọ̀pàrà wà ní ìlà-oòrùn. Ọ̀pàrà ń dà sínú Ouémé. Orí òkè ìhà àríwá, ní agbègbè Atakora, ni Ouémé ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń rin nǹkan bíi kìlómítà 510 kí ó tó dé adágún Nokoué àti ọ̀sà Àjàṣẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ń gé igi lókè àti ẹni tí ń pẹja nísàlẹ̀, omi kan náà ni wọ́n jọ ń lò.

2. Iṣẹ́ tí igbó orí òkè ń ṣe

Ẹ dán èyí wò nílé. Ẹ wá pákó fífẹ̀ méjì. Ẹ da erùpẹ̀ oko sórí méjèèjì, kí ẹ gbé wọn ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ọ̀kan, kí ẹ fi èkejì sílẹ̀ ní ìhòòhò. Ẹ gbé abọ́ sí ìdí wọn. Ẹ bu omi, kí ẹ sì wọ́n ọn sórí wọn bí òjò.

Kí lẹ rí? Níbi tí koríko wà, omi ń rọra kán, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Níbi tó wà ní ìhòòhò, omi sáré wọ inú abọ́, ó pọ́n, ó sì kó erùpẹ̀ dání.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí lórí òkè. Ewé igi ń gba òjò kí ó má bàa na ilẹ̀. Ewé tó jábọ́ ń dá omi dúró. Gbòǹgbò ń ṣí ọ̀nà fún un láti wọlẹ̀. Omi tó wọlẹ̀ ní ìgbà òjò ni ìsun ń tú sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tí òkè bá pá, ọ̀gbàrá yóò gbé ilẹ̀dú lọ. Omi yóò pọ̀ jù nígbà òjò, yóò sì tètè gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ní ọdún 2010, omi ya bo ilé àti oko púpọ̀ ní àfonífojì Ouémé. Òjò ọdún náà pọ̀ gan-an, a kò lè sọ pé igi gígé nìkan ló fà á. Ṣùgbọ́n ibi tí kò sí igi, kò sí ohun tí yóò dá ọ̀gbàrá dúró.

3. Gbogbo wa la fẹ́ ilẹ̀ yìí

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo abúlé kan ní ẹsẹ̀ òkè. Láyé àtijọ́, ìsun wọn kì í gbẹ títí òjò fi ń padà dé. Nísinsìnyí, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé ìdajì, ó ti di ẹrẹ̀. Àwọn obìnrin ń jí ní òru kí wọ́n lè rí omi bù. Ìgbẹ́ gbuuru ń mú àwọn ọmọdé. Olórí abúlé pe ìpàdé.

Àgbẹ̀ oníṣu sọ pé: «Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ti gbó. Iṣu fẹ́ ilẹ̀ tuntun. Ṣé kí n má bọ́ ọmọ mi ni?»

Ìyá tó ń jó èédú sọ pé: «Èédú ni mo fi ń san owó ilé ìwé. Ẹ fi iṣẹ́ mìíràn hàn mí.»

Darandaran sọ pé: «Ẹ̀yin bàbá, ẹ forí jì wá. Oko ti dí ọ̀nà màlúù. Tí òùngbẹ bá gbẹ wọ́n, ìsun yìí nìkan ló kù.»

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbin tòmátì sétí odò sọ pé: «Èmi ò gé igi kankan o. Oògùn kòkòrò díẹ̀ ni mo ń fín.»

Ìyá àgbà kan wá dìde. Ó ní: «Ẹ̀yin ọmọ mi, kò sí olè láàárín yín. Ohun tí ẹ óò jẹ ni olúkúlùkù yín ń wá. Ṣùgbọ́n ta ni nínú yín tí kò ní mu omi lálẹ́ òní?»

Gbogbo ilé dákẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dára.

4. Kí ni a lè ṣe?

Orí òkè: Ẹ jẹ́ kí igi orí òkè àti ti àyíká ìsun dúró. Ẹ má ṣe dáko níbi tó ga ṣánṣán. Ẹ má ti iná bọ igbó.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè: Ẹni tó ń dáko níbẹ̀, kí ó kọ ebè gbọọrọ dábùú òkè, kí ó má kọ ọ́ láti òkè wá sísàlẹ̀. Ẹ to òkúta dábùú, tàbí kí ẹ gbin koríko vetiver, tí gbòǹgbò rẹ̀ ń lọ jìnnà. Ẹ fi igi èmi àti igi irú sílẹ̀ nínú oko. Ẹ lè gbin kajú pẹ̀lú.

Báwo la ṣe ń mọ ibi tó dọ́gba? Ẹ mú igi méjì tó gùn dọ́gba, bíi mítà 2. Ẹ so orí wọn pọ̀, kí ẹsẹ̀ wọn là. Ẹ so igi kẹta dábùú láàárín. Ẹ fi okùn so òkúta kọ́ orí wọn, kí okùn kọjá níwájú igi ìdábùú. Ẹ gbé e nàró, ẹ sàmì sí ibi tí okùn dúró. Ẹ pààrọ̀ ẹsẹ̀ méjèèjì lójú ibi kan náà, ẹ sàmì kejì. Àárín àmì méjèèjì ni àmì tòótọ́. Níbikíbi tí okùn bá dúró lójú àmì yẹn, ẹsẹ̀ méjèèjì dọ́gba. Ẹ kan èèkàn síbẹ̀, kí ẹ sì máa tẹ̀ síwájú.

Etí odò: Òfin igbó tí ìjọba Benin ṣe ní ọdún 1993 ka ṣíṣán igbó léèwọ̀ títí dé mítà 25 ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì odò. Mítà 25 tó nǹkan bí ìṣísẹ̀ àgbàlagbà 30. Oògùn oko kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Ẹ má fọ ẹ̀rọ ìfínko sínú odò.

Màlúù: Ẹ fi ọ̀nà kan sílẹ̀ fún wọn, kí ibi tí wọ́n ti ń mu omi wà nísàlẹ̀ ibi tí ènìyàn ti ń pọn.

Èédú: Ẹ gbin igi tó ń tètè dàgbà sí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ fún èédú àti igi ìdáná. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ni ọjọ́ igi gbíngbìn ní ilẹ̀ Benin. Òjò ti ń rọ̀ nígbà náà.

Omi mímu: Kí ìsun tó mọ́ padà, ẹ máa se omi tí ẹ óò mu, pàápàá ti àwọn ọmọdé.

5. Àdéhùn

Ẹnì kan kò lè ṣọ́ òkè. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ pe gbogbo ènìyàn: àgbẹ̀, darandaran, obìnrin, ọ̀dọ́, àti aṣọ́gbó ìjọba. Ẹ jọ rin orí òkè kí ẹ tó sọ̀rọ̀, kí ojú gbogbo yín rí nǹkan kan náà. Ẹ fi ààlà hàn. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìwé, ẹ kọ àdéhùn náà sílẹ̀ ní èdè wa, kí ẹ kà á sókè, kí olúkúlùkù fọwọ́ sí i. Ẹni tí ẹ bá gba ilẹ̀ òkè lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ wá ilẹ̀ mìíràn fún un. Àdéhùn tó pa ẹnì kan lébi kì í pẹ́.

Àwọn ìbéèrè

1. Kí ló dé tí omi inú abọ́ kejì fi pọ́n?
2. Ta ló ń lo òkè yín? Ẹ kọ orúkọ iṣẹ́ wọn.
3. Ẹ fi ẹsẹ̀ wọn etí odò yín. Oko tó sún mọ́ ọn jù, ìṣísẹ̀ mélòó ni?
4. Tí ẹ bá jẹ́ olórí abúlé yẹn, kí lẹ ó sọ fún ìyá tó ń jó èédú?

Nígbà tí ẹ bá kà á tán, ẹ kà á fún ẹnì kan tí kò tíì mọ ìwé.