Láti Ìkẹjà dé Lọ́ńdọ̀nù: Ìṣirò Ọ̀nà àti Àkókò

Ẹ jẹ́ kí a jùmọ̀ ṣe ìṣirò ìrìn àjò.

Ní èbúté Àpápá, tí a ṣí ní ọdún 1926, ni àwọn ará wa ti máa ń wọ ọkọ̀ òkun lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà ni Aureol, tí ó ṣiṣẹ́ láti ọdún 1951 títí di 1974. Nǹkan bí ọjọ́ 13 ni ó fi ń rìn. Lónìí, nǹkan bí wákàtí 6 ààbọ̀ ni ọkọ̀ òfuurufú fi ń ti pápá Múrítàlá Mohammed ní Ìkẹjà dé Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ọ̀nà ni ìyàtọ̀ kìn-ín-ní. Ọkọ̀ òkun ní láti kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, kí ó yí etí Áfíríkà ká kọjá Sẹ̀nẹ̀gà, kí ó tó dorí kọ àríwá. Ọkọ̀ òfuurufú ń dorí kọ àríwá láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ń ré aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá. Jíjìn rẹ̀ tó nǹkan bí 5,000 kìlómítà. Eré ni ìyàtọ̀ kejì. Bí ọkọ̀ bá ń sá 850 kìlómítà ní wákàtí kan, tí a sì fi 850 pín 5,000, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí 6. A ó fi díẹ̀ kún un fún gígòkè, sísọ̀kalẹ̀ àti atẹ́gùn ojú ọ̀nà.

Aago ni ó ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Aago ìlú tí ọkọ̀ ti gbéra àti ti ìlú tí yóò balẹ̀ sí ni a ń kọ sí tíkẹ́ẹ̀tì. Ní ìgbà òtútù, aago Lọ́ńdọ̀nù fi wákàtí 1 rẹ̀yìn sí tiwa. Ní ìgbà ooru wọn, ọ̀kan náà ni. Nítorí náà, ọkọ̀ tí ó bá kúrò ní Ìkẹjà ní aago 11 alẹ́ nínú oṣù Jánúárì yóò balẹ̀ ní aago 4.30 ìdájí lọ́hùn-ún. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé wákàtí 5 ààbọ̀ péré ni ó lò.

Ṣùgbọ́n ìrìn ilẹ̀ ni kí a bẹ̀rù jù. Bí a bá wọn ọ̀nà Ajégúnlẹ̀ sí pápá Ìkẹjà tààrà, nǹkan bí 14 kìlómítà ni. Síbẹ̀, bí tírélà àti ọkọ̀ agbépo bá dí ọ̀nà Àpápá, ó lè gba wákàtí 3. Ó sì yẹ kí èrò ti dé pápá ní wákàtí 3 ṣáájú ìgbéra. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ yóò gbéra ní aago 11 alẹ́ kò gbọdọ̀ kọjá aago 5 ìrọ̀lẹ́ nílé. Owó tíkẹ́ẹ̀tì tí ìdílé fi ọdún púpọ̀ kó jọ lè ti ọwọ́ wákàtí kan ṣoṣo ṣòfò.

Ìbéèrè: Ọkọ̀ kan kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù ní aago 9 alẹ́ nínú oṣù Jánúárì. Aago mélòó ni kí a lọ pàdé rẹ̀ ní Ìkẹjà?

Ìdáhùn: Aago 4.30 ìdájí ọjọ́ kejì.