Ẹnubodè Pafuri: Ìmọ̀ràn fún Ọ̀dọ́ Atọ́nà Tí Yóò Kó Àlejò Gba Ìhà Àríwá Kruger

Ọgbà Ẹranko Kruger ní orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà, tí òfin ọdún 1926 sọ di ọgbà orílẹ̀-èdè tí a fi ń dáàbò bo ẹranko ìgbẹ́, gùn tó 360 kìlómítà láti gúúsù dé àríwá, ó sì ní ẹnubodè púpọ̀, ṣùgbọ́n èrò kì í gba gbogbo wọn bákan náà. Àwọn ti gúúsù, bíi Numbi, Malelane àti Paul Kruger, ni ọkọ̀ ń tò sí ní àsìkò ìsinmi, nítorí pé àwọn aláṣẹ fi gbèdéke lé iye àlejò tí ó lè wọlé lóòjọ́, wọ́n sì lè dá ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ ṣáájú padà. Pafuri, tí ó wà ní ìpẹ̀kun àríwá, parọ́rọ́ ní tirẹ̀. Ọ̀dọ́ atọ́nà, ìyẹn ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkó arìnrìn-àjò afẹ́ lọ wo ẹranko nínú igbó, lè tìtorí ìparọ́rọ́ yìí yàn án, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe rò pé ohun tí gúúsù ní náà ni òun yóò bá níbẹ̀.

Igi mópánè, tí ewé rẹ̀ là sí méjì bí ìyẹ́ labalábá, ni ó gba ilẹ̀ púpọ̀ ní àríwá. Erin àti ẹfọ̀n ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kìnnìún kò pọ̀ níbẹ̀ tó ti gúúsù, àgbáǹréré sì ṣọ̀wọ́n. Atọ́nà tí ó bá ṣèlérí kìnnìún fún àlejò ní Pafuri ti ba orúkọ ara rẹ̀ jẹ́ kí ọkọ̀ tó ṣí. Ohun tí ó yẹ kí ó ṣèlérí ni odò Luvuvhu àti ẹyẹ etí rẹ̀, igi oṣè ńláńlá, àwọn igi gíga tí èèpo ara wọn jẹ́ àwọ̀ ewé tó dà pọ̀ mọ́ ìyeyè, àti ibi tí Luvuvhu ti ń ṣàn wọ odò Limpopo, níbi tí Gúúsù Áfíríkà, Zimbabwe àti Mòsáḿbíìkì ti fẹnu kora.

Àkókò ni ó ń da ètò àwọn ọ̀dọ́ rú jù. Láti ẹnubodè Pafuri dé àgọ́ Punda Maria tó nǹkan bí 76 kìlómítà. Ọkọ̀ kò gbọdọ̀ sáré kọjá 50 kìlómítà ní wákàtí kan lórí títì ọlọ́dà, 40 ni ti ọ̀nà erùpẹ̀, nítorí náà wákàtí kan ààbọ̀ ni ìrìn náà yóò gbà bí ọkọ̀ kò bá dúró rárá, bẹ́ẹ̀ sì ni ìdúró gan-an ni àlejò sanwó fún. Ẹni tí ó bá yà sí etí odò, tí ó tún dúró de agbo erin tí ń sọdá títì, yóò lo ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀. Láti oṣù Karùn-ún sí oṣù Keje, aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ti ẹnubodè, ẹni tí ó bá pẹ́ sì lè san owó ìtanràn. Láti ìrọ̀lẹ́ ni kí atọ́nà ti máa ṣírò padà sí òwúrọ̀, kí epo sì ti kún táǹkì kí ó tó wọlé. Kí ó tún ṣọ́ra fún orúkọ: ẹnubodè Pafuri yàtọ̀ sí ibodè Pafuri tí ó wà nínú ọgbà, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ìwé ìrìnnà àwọn tí ń kọjá sí Mòsáḿbíìkì wò, ẹni tí ó bá da méjèèjì pọ̀ nínú ìwé ètò rẹ̀ yóò rán awakọ̀ sí ibi tí kò yẹ.

Oṣù Karùn-ún sí Kẹsàn-án ni ẹ̀ẹ̀rùn àti òtútù wọn, tí ẹranko ń kóra jọ sí etí omi. Nígbà òjò, láti oṣù Kọkànlá sí Kẹta, ooru a mú, odò lè kún dí ọ̀nà, ṣùgbọ́n ìgbà náà ni àwọn ẹyẹ tí ń ṣí wá láti ọ̀nà jíjìn wà níbẹ̀, olùfẹ́ ẹyẹ kò sì gbọdọ̀ pàdánù rẹ̀. Ibà wà ní agbègbè náà. Kí àlejò rí dókítà kí ó tó gbéra.

Ohun tí ọ̀pọ̀ atọ́nà ń fò kọjá, tí kò sì yẹ kí wọ́n fò, ni ìtàn àwọn tí ó ni ilẹ̀ náà. Láàárín Luvuvhu àti Limpopo ni àwọn Makuleke ń gbé títí di ọdún 1969, tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà fi agbára lé wọn kúrò nítorí ọgbà. Ní 1998 ni wọ́n gba ilẹ̀ wọn padà lábẹ́ òfin, wọ́n sì gbà pé kí ó máa jẹ́ ilẹ̀ ẹranko lọ, kí èrè ilé àlejò orí rẹ̀ sì máa wọlé fún àwọn. Àlejò tí ó sùn síbẹ̀ yẹ kí ó mọ ẹni tí ó gbà á lálejò. Bẹ́ẹ̀ náà ni Thulamela, ìlú olódi òkúta tí àwọn ènìyàn gbé títí di nǹkan bí 1700, níbi tí àwọn awalẹ̀pìtàn, ìyẹn àwọn onímọ̀ tí ń wa ilẹ̀ láti tọpa ìtàn, ti rí wúrà àti sàréè àwọn ọlọ́lá ní àwọn ọdún 1990. Ẹnikẹ́ni kì í dá lọ síbẹ̀: òṣìṣẹ́ ọgbà ni ó ń mú àlejò rìn gun òkè tí ìlú náà wà lórí rẹ̀, Punda Maria sì ni wọ́n ti ń ṣètò rẹ̀, nítorí náà òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni kí atọ́nà fi í sí, kí ó sì ti gba àyè rẹ̀ kí ó tó kúrò nílé.