Ọmọ Tó Ń Ṣe Dáadáa, Ara Rẹ̀ Ńkọ́?

Ẹ̀kọ́ fún àwọn òbí. Ẹ ka Ìwé Àwọn Ọba Kìn-ín-ní, orí 19, ẹsẹ 1 sí 8.

Ní ọjọ́ ìsinmi kan tí àwa nọ́ọ̀sì ìjọ ń wọn ìfúnpá àwọn àgbà lẹ́yìn ìsìn, ọmọkùnrin ọdún 17 kan fi eré jókòó, ó na apá. Ọmọ tí gbogbo wa fi ń ṣe àpẹẹrẹ fún ọmọ tiwa ni: ó mọ̀wé, ó ń lùlù fún akọrin, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà lálaalẹ́. Ẹ̀rọ kọ 142 lórí 90. A ní kó sinmi, a tún un wọ̀n, kò fi bẹ́ẹ̀ wálẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Mọ́mì, wọ́n ti ní wàhálà tó." (Mọ́mì ti gbọ́ o. Àwọn méjèèjì ló ní ká kọ ọ́ láìdárúkọ.)

Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n méjì nínú ẹ̀kọ́ nípa ọkàn àti ìwà ẹ̀dá, Edith Chen àti Gregory Miller ti Yunifásítì Northwestern, ti bá Gene Brody ti Yunifásítì Georgia ṣiṣẹ́ lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí. Àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ní ìgbèríko Georgia ni wọ́n ń tọ́pa láti kékeré. Olùkọ́ ló kọ́kọ́ jẹ́rìí sí bí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣe sí. Nígbà tí wọ́n pé ọdún 19, a wọn ìfúnpá wọn àti bí wọ́n ṣe sanra tó, a sì yẹ ìtọ̀ wọn wò fún àwọn èròjà tí ara máa ń tú jáde nígbà ìdààmú. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2013. Nínú àwọn tí ilé wọn le koko, àwọn tó ń tiraka jù, tí ìwà wọn dára, tí ìbànújẹ́ kò hàn lójú wọn, àwọn gan-an ni ẹrù náà wọ̀ lára. Ìfaradà tí kò ju awọ ara lọ ni wọ́n pè é. Ní 2015 wọ́n tún kọ ọ́ pé sẹ́ẹ̀lì ara irú ọmọ tálákà tó ń kó ara rẹ̀ níjàánu bẹ́ẹ̀ ń yára gbó ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Ní ti àwọn tí ilé wọn rí já jẹ, ìkóra-ẹni-níjàánu kò fa irú àdánù yìí.

A mọ̀ pé ọmọ Georgia kì í ṣe ọmọ Ìjẹ̀bú tàbí Èkìtì. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ilé wa níhìn-ín ní Lake Highlands, láti Skillman dé Audelia. Bàbá ń ṣiṣẹ́ òru, màmá ń ṣe ṣíìfù méjì, ọmọ ló ń mú àbúrò bọ̀ láti ilé ìwé, òun ló ń ka lẹ́tà ìjọba fún wa. Bí wọ́n bá fi orúkọ rẹ̀ tàbí àwọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀sín, kì í sọ nílé. Àwa a sì máa dúpẹ́ pé ọmọ wa kò ní ìṣòro.

Èlíjà ṣẹ́gun lórí òkè Kámẹ́lì, lẹ́yìn náà ló bọ́ sábẹ́ igi, tí ó ń bẹ̀bẹ̀ ikú. Áńgẹ́lì kò bá a wí, kò sì kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ tuntun lé e lọ́wọ́. Àkàrà àti omi ló gbé wá; ó jẹ, ó mu, ó tún sùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni áńgẹ́lì jí i kó jẹun.

Ìròyìn ayọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Brody àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣètò ìpàdé ọ̀sẹ̀ méje fún àwọn òbí àtàwọn ọmọ wọn tó jẹ́ ọdún 11. Òbí kọ́ bí a ti ń fìfẹ́ hàn, tí òfin ilé kò sì ní yẹ̀, àti bí a ti ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀gàn tí àwọ̀ rẹ̀ lè fà. Ìwádìí tó jáde ní 2014 fi hàn pé nígbà tí àwọn ọmọ náà di ọdún 19, àmì pé ara ń gbóná sí ara rẹ̀ láti inú kéré nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ju ti àwọn tí kò sí nínú ètò náà lọ.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ọdún 13 sí 18 sùn fún wákàtí 8 sí 10. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun mìíràn yàtọ̀ sí máàkì. Dókítà ọmọdé yẹ kó máa wọn ìfúnpá wọn lọ́dọọdún, láti ọmọ ọdún 3. Bí ti ọmọ ọdún 13 sókè bá ń wà ní 130 lórí 80 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ mú un lọ rí dókítà; ẹ má fún un ní oògùn tiyín. (Ẹ máa ń ṣe é, a mọ̀.) Bí ọmọ bá sì ń sọ pé ayé sú òun, ẹ pe 988, tọ̀sán tòru ni wọ́n ń gbé e.

Ọmọ wa yẹn ti rí dókítà. Ó ti fi iṣẹ́ alẹ́ sílẹ̀, ó sì ń sùn kí aago mẹ́wàá tó lù. Ìlù nìkan ló ní òun kò ní fi sílẹ̀.