Bí A Ṣe Ń Jiyàn Nípa Géèmù Lórí Ayélujára Tí Kò Fi Ní Di Ìjà

Iyàn kan wà tí kì í tán lórí ayélujára: ṣé géèmù tí wọ́n ti ń yìnbọn, tí wọ́n ti ń gún ara wọn lọ́bẹ, ló ń sọ ọmọ di oníwà ipá? Ó lè bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ nínú gúrúùpù WhatsApp ẹbí, kó dé Facebook lọ́sàn-án, kó sì ti di èébú lórí X kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀rù ń ba àwọn òbí, inú ń bí àwọn ọ̀dọ́, kálukú sì ń pariwo. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì ni, nítorí àwọn ọmọ wa ló dá lé. Ó yẹ ká mọ bí a ṣe ń jiyàn rẹ̀ tí ẹni tó ń kà á, tí kò sọ̀rọ̀ rárá, yóò fi rí nǹkan mú lọ sílé.

Ohun kan ṣoṣo ló so gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí pọ̀: ẹ bu ìbéèrè náà kù títí tí ẹ̀rí yóò fi lè dáhùn rẹ̀. Ìbéèrè tó bá fẹ̀ jù, ariwo nìkan ló ń rí ìdáhùn sí i.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀

Bí ẹnìkan bá kọ ọ́ pé, “Géèmù ń ba àwọn ọmọ wa jẹ́,” ẹ má tíì dáhùn. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé, ọ̀nà wo ló ń gbà bà wọ́n jẹ́? Ó kéré tán, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà nínú gbólóhùn yẹn. Àkọ́kọ́ ni ìwà ipá: ṣé géèmù ń mú kí ọmọ lu ènìyàn tàbí kó pa ènìyàn? Èkejì ni bárakú: ṣé ó ti wọ̀ ọ́ lára débi pé kò kàwé mọ́, kò sì sùn? Ẹ̀kẹta ni owó: ṣé ilé-iṣẹ́ tó ṣe géèmù ń fi ọgbọ́n tú àpò ọmọ, tàbí àpò bàbá rẹ̀?

Ẹ̀rí tó wà fún ọ̀kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Ọ̀pọ̀ iyàn ló ń di ìjà nítorí pé ẹnìkan ń sọ̀rọ̀ nípa bárakú, ẹnìkejì ń dá a lóhùn nípa ìwà ipá. Ẹ mú ọ̀kan ṣoṣo, kí ẹ sì sọ ọ́ jáde pé òun lẹ mú.

Ìwà ipá gan-an ṣì pín sí méjì. Kí ọmọ jágbe mọ́ àbúrò rẹ̀ nítorí pé wọ́n ja géèmù gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Kó gbé ohun ìjà lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀tọ̀ pátápátá nìyẹn. Ẹ béèrè èyí tí ẹni tí ẹ jọ ń sọ̀rọ̀ ní lọ́kàn.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mọ ibi tí iyàn náà ti ń bọ̀

Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nílẹ̀ kí WhatsApp tó dé. Ní 1976, ilé-iṣẹ́ Exidy ní Amẹ́ríkà gbé géèmù kan jáde tí wọ́n pè ní Death Race. Ọkọ̀ lẹni tó ń ta á ń wà, ó sì ń fi ń tẹ àwọn àwòrán tín-ín-tín tó ń sá kiri mọ́lẹ̀. Dúdú àti funfun lásán ni àwòrán rẹ̀, síbẹ̀ ariwo sọ lórí rẹ̀. Ní 1992, Mortal Kombat dé. Nínú tìyẹn, ẹni tó borí lè fa orí ẹni tó ṣubú yọ tòun ti eegun ẹ̀yìn. Ní oṣù Kejìlá 1993, Sẹ́nétọ̀ Joseph Lieberman àti Sẹ́nétọ̀ Herb Kohl pe àwọn ilé-iṣẹ́ géèmù síwájú Ilé Aṣòfin Àgbà ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Láti ibẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ náà ti dá ESRB sílẹ̀ ní 1994, kó máa kọ ọjọ́ orí tí géèmù kọ̀ọ̀kan bá mu sára páálí rẹ̀.

Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì yìnbọn pa ènìyàn ní ilé-ẹ̀kọ́ Columbine ní Colorado ní 1999, tí aráyé sì gbọ́ pé wọ́n máa ń ta géèmù Doom, ẹ̀rù tún ba àwọn òbí. Ní 2005, ìpínlẹ̀ California ṣe òfin pé wọn kò gbọdọ̀ ta géèmù oníwà ipá fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Ẹjọ́ òfin yìí dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà, adájọ́ méje nínú mẹ́sàn-án sì wọ́gi lé e ní 2011, nítorí pé ó tẹ òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ lójú. Antonin Scalia tó kọ ìdájọ́ náà sọ pẹ̀lú pé àwọn ìwádìí tí California kó wá kò fi hàn dájú pé géèmù ló ń mú kí ọmọ hùwà ìjà.

Kí ni ìtàn yìí wúlò fún? Ó ń jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé wọ́n ti gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú adájọ́ rí, wọ́n sì béèrè ẹ̀rí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ tọ ẹ̀rí lọ sí orísun rẹ̀

“Àwọn onímọ̀ sọ pé” kì í ṣe ẹ̀rí. Bí ẹ bá rí i, ẹ béèrè ohun mẹ́rin: ta ló ṣe ìwádìí náà, ọdún wo, ènìyàn mélòó ni wọ́n wò, báwo ni wọ́n sì ṣe wọn ohun tí wọ́n ń wá?

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀kan ṣe àpẹẹrẹ. Ní 2019, Andrew Przybylski ní Yunifásítì Oxford àti Netta Weinstein ní Yunifásítì Cardiff gbé ìwádìí kan jáde. Ọ̀dọ́ 1,004 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 14 àti 15, ni wọ́n wò. Wọn kò gbára lé ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọ̀dọ́ náà nìkan láti mọ̀ bóyá géèmù wọn ní ìwà ipá nínú. Àmì ọjọ́ orí tí àwọn àjọ tó ń yẹ géèmù wò fún un ni wọ́n lò. Ọwọ́ àwọn tó ń tọ́jú àwọn ọmọ náà ni wọ́n sì ti gba ìròyìn ìwà wọn. Wọ́n ti kọ ohun tí wọ́n fẹ́ dánwò àti ọ̀nà tí wọn yóò gbà ṣe é sílẹ̀ ní gbangba kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà yí i padà nígbà tó bá rí èsì. Wọn kò rí i pé àwọn tó ń ta géèmù oníwà ipá ń jà ju àwọn yòókù lọ.

Ẹ sọ ibi tí agbára ẹ̀rí náà mọ pẹ̀lú. Ọmọ ọdún 14 àti 15 ni wọ́n wò, kò lè jẹ́rìí fún ọmọ ọdún méje. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n bi wọ́n, wọn kò tẹ̀ lé wọn fún ọdún púpọ̀. Ẹni tó bá fúnra rẹ̀ sọ èyí kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́, àwọn ènìyàn á fọkàn tán an.

Ẹ wá ẹ̀rí tó wà lápá kejì, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ènìyàn. American Psychological Association, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa èrò àti ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, tún ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò ní 2020. Wọ́n ní géèmù oníwà ipá fara kan ìwà bíi jíjágbe àti títi ara ẹni, ṣùgbọ́n ìbátan náà kéré. Ní ti ìwà ipá gidi, wọ́n ní ẹ̀rí kò tó. Ẹni tó ní géèmù ń sọ ọmọ di apànìyàn ti kọjá ohun tí ẹ̀rí gbà. Ẹni tó ní kò ṣe ọmọ ní nǹkan kan rárá náà ti kọjá rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ gbọn ẹ̀rí tiyín wò kí ẹlòmíràn tó gbọ̀n ọ́n

Àwọn tó fẹ́ràn géèmù máa ń sọ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni ìwà ipá ti ń lọ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn náà ni géèmù ń tà wàràwàrà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun méjì lè jọ máa rìn láìjẹ́ pé ọ̀kan ló ń fa èkejì. Àṣìṣe yìí kan náà ni àwọn tó kórìíra géèmù ń ṣe bí wọ́n bá ní àwọn tó yìnbọn ní Columbine máa ń ta Doom. Ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ ló ta Doom tí wọn kò pa ẹnikẹ́ni. Bí ẹ kò bá gba irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹ má ṣe lò ó.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ gba ohun tó bá jẹ́ òótọ́

Bí ìyá kan bá ń ké pé ọmọ òun kò sùn mọ́ nítorí géèmù, ẹ má fi ìwádìí ìwà ipá pa á lẹ́nu mọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi bárakú géèmù kún ìwé àkójọ àìsàn rẹ̀ tuntun, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2019 tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022. Àmì rẹ̀ mẹ́ta ni: kí ènìyàn má lè kó ara rẹ̀ níjàánu mọ́, kí géèmù borí gbogbo nǹkan mìíràn tó ń ṣe, kó sì máa ta á lọ bó tilẹ̀ ń pa á lára. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó gbọ́dọ̀ ti tó oṣù 12 kí dókítà tó lè pè é bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó fi gbogbo ìsinmi ta géèmù kò tíì di aláìsàn. Ẹ sọ méjèèjì fún ìyá náà: ẹ̀rù rẹ̀ ní ìdí, ìwọ̀n sì wà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ kọ èsì tí àgbà lè kà láìbínú

Ká ní ẹ̀gbọ́n bàbá yín fi ohùn kan ránṣẹ́ sí gúrúùpù ẹbí pé géèmù ló ń sọ àwọn ọmọ di apànìyàn. Ẹ wo èsì yìí:

“Irọ́ gbáà ni. Ẹ̀yin àgbà ò mọ nǹkan kan nípa géèmù.”

Kò sí ẹ̀rí níbẹ̀, àrífín sì ti wọ̀ ọ́. Láti ibẹ̀ lọ, ìwà yín ni ẹbí yóò máa bá wí. Ẹ wá wo èyí:

“Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ ṣeun tí ẹ ń ro ti àwọn ọmọ wa. Mo gbọ́ ohun tí ẹ fi ránṣẹ́, pé géèmù ló ń sọ ọmọ di apànìyàn. Àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà yẹ̀ ẹ́ wò ní 2020, wọ́n ní ẹ̀rí kò tó láti sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé ó lè fara kan kí ọmọ máa jágbe. Oorun wọn àti owó tí wọ́n ń ná sí i ló ń kọ mí lóminú jù. Kí lẹ rò sí ìyẹn, sà?”

Ìkíni ló ṣáájú. Ó tún ọ̀rọ̀ àgbà sọ bí àgbà ṣe sọ ọ́, kò bu iyọ̀ sí i. Ó mú ẹ̀rí kan ṣoṣo wá pẹ̀lú ọdún rẹ̀. Ó fi ìbéèrè kádìí, àgbà sì rí ibi tẹ ẹsẹ̀ lé láti dáhùn láìjẹ́ pé ojú tì í. Bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ yín ni, ẹ lè yọ “sà” kúrò, ṣùgbọ́n ẹ má yọ ìyókù. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní ń yọ ọfà lápó.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ mọ ibi tí iyàn ti parí

Bí ẹ bá ti sọ ẹ̀rí yín lẹ́ẹ̀mejì, tí ẹnìkejì kò mú nǹkan tuntun wá, ẹ dúpẹ́, kí ẹ dákẹ́. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í bú yín, ẹ dínà mọ́ ọn.

Ìhàlẹ̀ kì í ṣe iyàn mọ́. Ní 2014, ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Gamergate bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn tó ń ta géèmù. Àwọn kan ní ìwà àwọn akọ̀ròyìn géèmù ni àwọn ń bá wí, ṣùgbọ́n orí àwọn obìnrin tó ń ṣe géèmù àti àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ni èébú àti ìhàlẹ̀ dà lé. Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, Anita Sarkeesian, ọ̀kan lára àwọn obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ nípa géèmù, fagi lé ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Utah, nítorí ẹnìkan kọ̀wé pé òun yóò yìnbọn pa àwọn ènìyàn níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má ṣe kọ àdírẹ́sì, nọ́ńbà fóònù tàbí ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni síta láé, bó ti wù kí inú bí yín tó. Bí wọ́n bá halẹ̀ mọ́ yín, ẹ má dáhùn. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù náà kí wọ́n tó pa á rẹ́, ẹ fi ẹjọ́ sun ìkànnì tó ti ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì lọ bá ọlọ́pàá. Ní Nàìjíríà, òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti 2015 ka irú ìhàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ jẹ́ kí iyàn náà bí nǹkan

Ní oṣù Kọkànlá 2017, àwọn tó ń ta géèmù yarí fún ilé-iṣẹ́ EA lórí géèmù rẹ̀ kan, Star Wars Battlefront II. Ohun tó bí wọn nínú ni àpótí ayélujára tí ènìyàn ń fi owó gidi rà láì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Èsì tí EA kọ fún wọn lórí Reddit gba àmì ìkórira tó ju 600,000 lọ, ilé-iṣẹ́ náà sì dá owó gbígbà nínú géèmù náà dúró ná. Ìbéèrè tó kù kéré, ó sì ṣe tààrà: ṣé tẹ́tẹ́ ni, àbí kì í ṣe tẹ́tẹ́? Ní oṣù Kẹrin 2018, àjọ tó ń mójú tó tẹ́tẹ́ ní Bẹ́ljíọ̀mù dáhùn pé àpótí inú àwọn géèmù kan, tí FIFA 18 ti EA wà lára wọn, tako òfin tẹ́tẹ́ ilẹ̀ náà. Ní 2019, EA dẹ́kun títa owó inú FIFA níbẹ̀. Ó ti ju ogójì ọdún lọ tí aráyé ti ń jà lórí bóyá géèmù dára tàbí kò dára, kò yanjú. Èyí tí wọ́n bù kù yanjú láàárín oṣù díẹ̀.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ nílé yín náà. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà níwájú páálí géèmù ọmọ yín: bó bá jẹ́ ti Yúróòpù, 3, 7, 12, 16 tàbí 18 ni PEGI, àjọ tó ń yẹ géèmù wò níbẹ̀, máa ń kọ sí i. FIFA 18 gba 3, Grand Theft Auto V gba 18. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé FIFA tó gba 3 yẹn náà ni Bẹ́ljíọ̀mù bá wí nítorí owó, nítorí náà nọ́ńbà nìkan kò tó. Ẹ jókòó ti ọmọ náà, kó ta á lójú yín, kó sì fi ibi tí wọ́n ti ń rajà nínú rẹ̀ hàn yín. PlayStation àti Xbox ní ibi tí òbí ti lè dá wákàtí fún ọmọ, kó sì dí owó níná. Ẹ ṣí i lónìí, kí ẹ sọ owó tí ọmọ lè ná di òdo, kí ẹ jọ fẹnu kò lórí àsìkò oorun. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sínú gúrúùpù, kí ẹ sọ bí ẹ ṣe ṣe é fún àwọn òbí yòókù.