Ìpara tó ń hu irun

Ìbéèrè: Irun iwájú orí mi ti ń re. Wọ́n ń ta ìpara kan ní ọjà Àgbójù nítòsí Festac, wọ́n ní yóò hù padà. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má rà á, ìyá wa. Irú ìpara bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ láyé. Imí ọjọ́ wà nínú èyí tí Madam C. J. Walker ń tà ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1906. Ó lè ran orí tó ń yún lọ́wọ́, kò lè wo orí pípá àjogúnbá.

Tó bá jẹ́ irun dídì tó le koko ló fà á, ẹ tú u lónìí. Bí ó bá tètè bọ́ lọ́wọ́ ìnira, irun sábà máa ń hù padà. Bí ojú ibẹ̀ bá ti ń dán, ó ṣòro. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ rí dókítà awọ ara ní LUTH, Ìdí-Àràbà.