Ẹ̀KỌ́ TÍ OMI ÌSỌLỌ̀ KỌ́ WA

Ẹni tí ó bá da ìdọ̀tí sínú omi a máa rò pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìsọlọ̀.

Ìletò Àwórì ni Ìsọlọ̀ nígbà àtijọ́, iṣẹ́ oko ni a sì ń ṣe níbẹ̀. Nígbà tí Èkó gbòòrò, a kọ́ ọgbà ilé-iṣẹ́ ńlá síbẹ̀, ilé-iṣẹ́ aṣọ wà nínú wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì tẹ̀lé iṣẹ́ wá. Gọ́tà àti kánààlì kan náà ni ó ń gba omi òjò, omi ọṣẹ, omi ìgbọ̀nsẹ̀ àti omi aró.

Ewéko kan fẹ́ràn irú omi bẹ́ẹ̀. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Ní ọdún 1984 ni a gbọ́ ìròyìn rẹ̀ ní ìhà Àgbádárìgì. Ó ń léfòó bí ojúoró, òdòdó rẹ̀ sì jẹ́ elése-àlùkò. Ìdọ̀tí ni ajílẹ̀ rẹ̀. Láàrín bí ọ̀sẹ̀ méjì ó lè di ìlọ́po méjì, tí yóò bo omi bí pápá.

Ní alẹ́ Ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 27 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2002, ohun ìjà búgbàù ní ibùdó àwọn ọmọ ogun ní Ìkẹjà. Àwọn ènìyàn sá nínú òkùnkùn dé kánààlì Òkè-Àfà, lẹ́bàá Ìsọlọ̀. Ewéko yìí ti bo omi náà, ọ̀pọ̀ sì rò pé ilẹ̀ ni. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ni ó rì síbẹ̀, tọmọdé tàgbà. Ìbúgbàù ni ó lé wọn. Omi tí a kò tọ́jú ni ó gbé wọn mì.

Kí ni kí a ṣe?

1. Ilé-iṣẹ́: kí ó wẹ omi rẹ̀ mọ́ kí ó tó tú u jáde. LASEPA ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó yàn láti ṣọ́ èyí. Ẹni tí ó bá rí omi aláwọ̀ nínú gọ́tà, kí ó fi tó wọn létí.

2. Onílé: kí ó má ṣe da pàǹtí sínú àgbàrá nígbà òjò.

3. Àgbẹ̀: bí a bá kó ewéko náà jọ tí ó sì jẹrà, ajílẹ̀ rere ni. Ṣùgbọ́n ó máa ń fa òjé àti májèlé mọ́ra. Nítorí náà, èyí tí a kó lẹ́bàá ilé-iṣẹ́, ẹ má ṣe fi í sí oko ẹ̀fọ́; ẹ má sì ṣe bu omi ibẹ̀ rin ẹ̀fọ́.

Ẹni tí ń gbé òkè odò, kí ó rántí ẹni tí ń bẹ nísàlẹ̀.